Ọmọ kòkó tó ń kú ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́: láti ìdí kóró ni ìtọ́jú ti ń bẹ̀rẹ̀

Bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀ tán ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni í kó ọmọ kòkó lọ sí oko. Ṣùgbọ́n kí ọyẹ́ tó fẹ́ tán, ẹni tó gbin 1,000 igi lè má rí ìdajì rẹ̀ mọ́. Owó ọ̀rá, owó alágbàṣe àti làálàá ọdún kan gbáko ló bá a lọ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan á ní iṣẹ́ ayé ni, àwọn mìíràn á ní ilẹ̀ ni kò gbà á. Lóòótọ́, ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ ní ọwọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú kóró ni ọ̀ràn náà ti wọ́.

Ọ̀rọ̀ kòkó kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní agbègbè yìí. Ìlú Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti fi ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group lọ́lẹ̀ ní ọdún 1951, ọmọ Ọ̀wọ̀ sì ni Olóyè Michael Adékúnlé Ajáṣin, ọ̀kan lára àwọn tó ronú ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955. Owó kòkó wà lára ohun tí ìjọba fi gbọ́ bùkátà ètò náà. Ní 2024, owó tọ́ọ̀nù kòkó kan lọ́jà àgbáyé kọjá 10,000 dọ́là, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí; ní 2025, ó já wálẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá gbin kòkó nítorí owó ọdún kan ṣoṣo ń tan ara rẹ̀ ni, nítorí pé igi náà á tó ọdún 3 sí 4 kó tó máa so, á sì lè wà lóko fún ọdún 30 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àṣìṣe tó bá wà nídìí kóró á bá onítọ̀hún gbé pẹ́.

Àwọn bàbá ayé àtijọ́ kì í da ara wọn láàmú tó báyìí. Inú igbó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán ni wọ́n ti ń gbẹ́ ihò, tí wọ́n á sọ kóró 2 tàbí 3 sí i, tí ewé tó ti jẹrà sínú ilẹ̀ àti ìbòòji igi ńláńlá á sì bá wọn tọ́ ọ dàgbà. Irú igbó bẹ́ẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sí mọ́. Oko kòkó tó ti gbó tàbí ilẹ̀ tí wọ́n ti fi gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni ọ̀pọ̀ ń lò báyìí. Ilẹ̀ náà ti rẹ̀, oòrùn sì ń wọlé sí i gbọnrangandan. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí a kọ́kọ́ tọ́ ọmọ kòkó nínú nọ́sìrì.

Ohun àkọ́kọ́ ni irú. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni í wo igi tó so jù lóko wọn, tí wọ́n á já èso rẹ̀ láti fi gbìn. Ó dára lójú, ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò tíńtínní ló ń gbé àtíkè òdòdó kòkó láti igi kan dé òmíràn. Àgbẹ̀ mọ ìyá èso náà, kò mọ bàbá rẹ̀. Ọmọ lè má jọ ìyá rárá. Ní oko irú ti ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó, CRIN, tí olú-ilé rẹ̀ wà ní Ìdí-Ayunrẹ́ nítòsí Ìbàdàn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń so òdòdó akọ pọ̀ mọ́ abo, kí wọ́n lè mọ ìyá àti bàbá. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú gidi, ibẹ̀ tàbí ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ètò kòkó ti ìjọba ìpínlẹ̀ ni kó ti wádìí, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kiri ọmọ kòkó lẹ́bàá títì.

Kóró kòkó kò dà bí àgbàdo tí a lè sá gbẹ kí a sì fi pamọ́ di ọdún tó ń bọ̀. Bó bá ti gbẹ, ó kú nìyẹn. Èso tó pọ́n, tí àrùn kò sì sí lára rẹ̀, ni a ń là, kí a yọ kóró tó tóbi ní àárín rẹ̀, kí a fi eérú nu omi yíyọ̀ ara rẹ̀, kí a sì gbìn ín láìjáfara. Ọ̀rá dúdú tí gíga rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 25, tí a ti lu ihò sí nídìí kí omi lè jò, ni a ń rọ ilẹ̀ ọlọ́ràá sí. Kóró kan ni fún ọ̀rá kan, kò sì gbọdọ̀ wọlẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, yóò ti hù. Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kìíní ló yẹ kí iṣẹ́ yìí wáyé, kí ọmọ kòkó lè tó gbé lọ sóko nígbà tí òjò bá délẹ̀ dáadáa.

Ìtòsí odò ló yẹ kí nọ́sìrì wà, nítorí pé inú ẹ̀ẹ̀rùn ni ọmọ kòkó yóò ti dàgbà. Àtíbàbà tí a fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ni yóò dáàbò bò ó. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kí oòrùn má pọ̀ níbẹ̀. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, kí a máa yọ imọ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Ọmọ kòkó tí kò mọ oòrùn rí, bó bá dé oko lójijì, jíjó ni ewé rẹ̀ yóò jó. Àárọ̀ ló dára láti bomi rin ín, kí ilẹ̀ tutù láìrin gbingbin. Àpọ̀jù omi ló ń fa kí ìdí rẹ̀ rà, nítorí pé irú àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú lóko lè mú ọmọ rẹ̀ náà nínú ọ̀rá. Èyí tó bá ti rọ, kí a yọ ọ́ jìnnà kó má ba ìyókù jẹ́, kí a sì fi àyè sílẹ̀ láàárín ọ̀rá kí afẹ́fẹ́ lè kọjá.

Eku a máa hú kóró jẹ. Ìrẹ̀, tata àti ìgbín a máa gé ewé tútù. Ọwọ́ la fi ń ṣa ìgbín, ọgbà la sì ń ṣe fún eku. Bí oògùn bá di dandan, kí a béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ èyí tí ìjọba fọwọ́ sí. Gammalin tí àwọn àgbà mọ̀ kò yẹ ní lílò mọ́. Lindane tó wà nínú rẹ̀ wọ inú àwọn májèlé tí àdéhùn Stockholm fòfin dè kárí ayé ní 2009.

Bí ọmọ kòkó bá pé oṣù 5 tàbí 6, oko ló kàn. Ṣùgbọ́n kí ó tó débẹ̀, ó yẹ kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ti ṣáájú rẹ̀ dé, kó lè ṣe ìbòòji fún un, kó sì mú owó wọlé kí kòkó tó so. Mítà 3 sí mítà 3 ni àlàfo rẹ̀, èyí tó jẹ́ igi 1,111 lórí hẹ́kítà kan. Kí a ya ọ̀rá náà kúrò pátápátá, kí a má sì jẹ́ kí ilẹ̀ ìdí rẹ̀ fọ́, nítorí pé bí olórí gbòǹgbò bá ká tàbí tó ṣẹ́, igi náà kò ní rí omi fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ yìí gan-an ni ìdánwò ńlá, pàápàá fún oko tó kọjú sí ìhà ọ̀dàn ní agbègbè Ọ̀sẹ́. Kí oṣù kọkànlá tó parí, kí a ti kó koríko gbígbẹ tàbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ yí ìdí igi kọ̀ọ̀kan ká, láìjẹ́ kó kan ara igi kí ikán má bà á jẹ́. Kí a sì ro etí oko kí iná ìgbẹ́ má ràn wọ inú rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Àgbẹ̀ tó bá fi oṣù 6 tọ́ ọmọ kòkó bó ti yẹ ti gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ àtúngbìn ọdọọdún, oko náà á sì tún wúlò fún ọmọ tó máa jogún rẹ̀.