Ọ̀ta àti ọ̀pẹ nínú eré orí télé: kí ló ń lé àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ sá?

Ọ̀rọ̀ eré la mú wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Púpọ̀ nínú yín ló máa ń rán ọmọ wá sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín ní Kútọnú nígbà ìsinmi. Tí ọmọ náà bá ti gbé báàgì kalẹ̀ tán, ibi tó máa ń kọ́kọ́ béèrè kì í ṣe etí òkun. "Salle de jeux" ló máa ń béèrè.

Wọn ò ṣọ̀wọ́n ní Akpakpa níbi tí à ń gbé. Ẹ sọdá afárá láti Dantokpa, kí ẹ wọ àdúgbò lọ díẹ̀, ẹ ó rí yàrá kékeré kan tó ní aṣọ ìkélé lẹ́nu ọ̀nà, télé mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú rẹ̀, PlayStation lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, bẹ́ǹṣì onígi níwájú. Eré bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá jù níbẹ̀: FIFA, tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí EA Sports FC ní 2023, àti PES tí àwọn tó dàgbà díẹ̀ nínú wọn ò tíì gbàgbé. Ariwo ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ti ọjà lọ.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kan wá láti abúlé, ọmọ ọdún mẹ́tàlá. A fún un ní 200 fránkì. Kò tíì pé ìdajì wákàtí tó ti padà dé. A ní, "Ṣé wọ́n ti ilẹ̀kùn ni?" Ó ní rárá. Ó ní òun san 100, òun gbá eré kan, wọ́n na òun ní 6 sí òdo. Òun tún san 100, wọ́n tún na òun ní 4 sí òdo. Ó wá ní, "Tọ́ńtọ́n, wọ́n ní kí n padà lọ da ewúrẹ́ lábúlé, pé manette kì í ṣe ọ̀pá darandaran." Ọmọ yìí ò padà débẹ̀ mọ́. Gbogbo ìyókù ìsinmi rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ilé wa ló jókòó sí.

Ọ̀rọ̀ náà dùn wá. A lọ wo ibẹ̀ fúnra wa, a sì jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ohun tí a kọ́kọ́ rí kì í ṣe èébú. Òfin ilé náà la rí. Òfin yẹn ni pé ẹni tó bá borí á máa jókòó síbẹ̀, ẹni tí wọ́n bá nà á dìde, ẹlòmíì á sì san 100 wá jókòó. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ọmọ CE1. Ká ní eré kan gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Eré mẹ́fà ló wà nínú wákàtí kan. Ẹni tó mọ̀ ọ́n san 100 lẹ́ẹ̀kan, ó gbá mẹ́fà. Àwọn mẹ́fà tó wá bá a san 100 lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnì kọ̀ọ̀kan gbá eré kan ṣoṣo, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ wíwo bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù sínú ilé rẹ̀. Tó bá fi máa di ìparí ìsinmi, ọ̀kan ti gbá ọgọ́rùn-ún eré pẹ̀lú owó tí èkejì fi gbá mẹ́wàá tàbí márùn-ún dín lógún.

Nítorí náà, tí wọ́n bá sọ pé lágbájá mọ eré ju tàmẹ̀dù lọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló sanwó ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀? Àwọn tó ń nà náà ni! Lẹ́yìn ìyẹn, á tún máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín pé wọn ò mọ nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun fún ọmọ Yorùbá. Gbogbo wa la mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nídìí ọpọ́n ayò. Ẹni tó bá ń kọjá lọ á kí wọn pé, "Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ!" Wọ́n á dáhùn pé, "Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ ò gbọdọ̀ fọhùn!" Ẹ ò rí i pé àwọn bàbá wa náà mọ bí a ṣe ń fi ọ̀pẹ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tan ara wa pé àwọn ọmọ ayé òde òní ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ayò ò gbowó lẹ́nu ọ̀nà. Ilé méjìlá, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta. Ẹni tí kò bá ní ọpọ́n lè gbẹ́ ihò sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọ̀pẹ tí wọ́n nà láàárọ̀ lè dúró sẹ́yìn ọ̀ta títí di alẹ́, kó máa wo ọwọ́ rẹ̀, láìsan kọ́bọ̀. Ọ̀ta míì tiẹ̀ máa ń da ọmọ ayò padà sínú ilé wọn láti fi han ọ̀pẹ pé, "Ibí yìí lo ti ṣìnà." Ohun kan tún wà tó lágbára ju ìyẹn lọ: gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ mọ ọmọ ẹni tí ọ̀pẹ yẹn í ṣe. Ẹni tí o bú lónìí lè di àna rẹ lọ́la. Nínú salle de jeux, ta ló mọ ta ni? Ọmọ abúlé ni, ó tán.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń wọn ìmọ̀ eré, torí ó máa là wá lójú. Ẹni tó dá ìwọ̀n tó gbajúmọ̀ jù sílẹ̀ ni Arpad Elo, ẹni tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Hungary tó dàgbà sí Amẹ́ríkà, tó sì jẹ́ olùkọ́ physique ní yunifásítì. Eré échecs ló ṣe é fún. Ẹgbẹ́ échecs Amẹ́ríkà gbà á ní 1960, ti àgbáyé gbà á ní 1970. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé: olúkúlùkù ní iye àmì tirẹ̀. Bí àmì ẹni méjì bá dọ́gba, a retí pé ìdajì ìdajì ni wọ́n máa pín eré tí wọ́n bá ṣe. Bí ọ̀kan bá fi 200 ju èkejì lọ, a retí pé òun á kó bíi 76 nínú 100. Bó bá fi 400 jù ú, á kó bíi 91. Tó bá wá jẹ́ pé ẹni kékeré ló borí ẹni ńlá, àmì púpọ̀ ló máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹni ńlá ló borí, díẹ̀ báyìí ló máa rí, torí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀nà kan náà ni FIFA ń gbà to àwọn orílẹ̀-èdè láti 2018. Ẹ rántí oṣù kẹfà 2024, nígbà tí àwọn Guépards wa na Nàìjíríà ní 2 sí 1 ní Abidjan. Àmì tí a rí gbà lọ́jọ́ náà ju èyí tí a lè rí tó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ tí kò tó wa la nà. (Àwa tí ìdajì ẹbí wa wà ní ìhà kejì ibodè, a dákẹ́ lọ́jọ́ náà. A ò fẹ́ ìjà.)

Ẹ wá padà wo 91 yẹn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ààlà bá ti pọ̀ tó báyẹn láàárín ẹni méjì, ẹni kékeré lè sa gbogbo ipá rẹ̀ kó sì pàdánù nínú eré mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Kì í ṣe pé orí rẹ̀ pé tàbí kò pé. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ abúlé tàbí Kútọnú. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ eré tí wọ́n ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì fi máa ń wá ẹni tí àmì rẹ̀ sún mọ́ tìrẹ fún ọ, kí o lè borí lónìí, kí wọ́n nà ọ́ lọ́la, kí ó sì wù ọ́ láti padà wá. Àwọn kan wà tó ń ba ètò náà jẹ́. Wọ́n ti di ọ̀ta, wọ́n á wá fi orúkọ tuntun wọlé bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kí wọ́n lè rí ọ̀pẹ nà. Ó dà bí ìgbà tí ọmọ CM2 bá lọ jókòó ní CI kó lè ṣe ipò kìíní. Kí ni ayọ̀ inú ìyẹn? A ò mọ̀ ọ́n.

Lóòótọ́, ẹni tó mọ eré náà ní ẹ̀dùn ọkàn tirẹ̀. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́ta kọ́ nǹkan fẹ́ rí ẹni tó máa lè le òun. Bí ẹ bá ní kó máa bá ọ̀pẹ gbá láti àárọ̀ di alẹ́, ó máa sú u, òun náà ò sì ní tẹ̀síwájú. Kí ó wá ọ̀ta ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí a ń bá a wí ni pé kó má sọ fún ọ̀pẹ pé ilé yìí kì í ṣe tìrẹ. Àwa tí à ń kọ́ àwọn tó máa di olùkọ́, a ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà: ọmọ tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín ní CP nítorí pé ó ṣi ọ̀rọ̀ Faransé kan pè, kì í nawọ́ sókè mọ́ ní CE1. Tó bá dé CM2, wọ́n á ní olódo ni. Odo yẹn, ta ló kọ ọ́ sí i?

Àwọn tó ń bá ará Yúróòpù ṣeré lórí íntánẹ́ẹ̀tì tún ní ìṣòro mìíràn tí kì í ṣe ti ìmọ̀ rárá. Tí ọmọ Akpakpa bá tẹ bọ́tìnì, ìròyìn ìka rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ serveur tó ń darí eré, kó sì padà. Okùn abẹ́ òkun ló ń gbé e, irú bíi SAT-3 tó gúnlẹ̀ sí Kútọnú. Ìmọ́lẹ̀ inú okùn yẹn ń sáré bíi 200,000 kìlómítà ní sẹ́kọ́ńdì kan. Ó yára àbí? Ẹ ká ọ̀nà náà sí 6,000 kìlómítà. Àlọ àti àbọ̀ di 12,000. Ìyẹn ni 60 nínú ẹgbẹ̀rún sẹ́kọ́ńdì, láìtíì ka gbogbo ibi tó ti máa dúró lọ́nà. Eré tó ń yí àwòrán 60 ní sẹ́kọ́ńdì kan ti yí mẹ́ta kọjá kí tiwa tó dé. Tó bá jẹ́ pénáltì ni, gólì ti wọlé! Ọ̀pọ̀ òyìnbó á sì sọ pé ọmọ náà ò mọ eré, tàbí kí wọ́n kọ̀ láti bá a gbá.

Ibi tí wọn ò retí sì ni ọ̀ta ti máa ń yọ jáde nígbà míì. Ní oṣù kejì 2019, ọmọ ìlú Lahore ní Pakistan kan tí wọ́n ń pè ní Arslan Ash lọ síbi ìdíje EVO Japan, níbi eré ìjà tó ń jẹ́ Tekken 7. Àwọn ọmọ Korea àti Japan ni wọ́n mọ̀ sí ọ̀gá eré yẹn. Ó nà wọ́n, ó gba ipò kìíní. Ó wá ṣàlàyé pé àwọn tó mọ̀ ọ́n bí òun ṣì wà nílé. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ó tún gba EVO ti Las Vegas. Ẹni tó nà ní àṣekágbá ni Knee, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀ta ńlá ilẹ̀ Korea. Knee fúnra rẹ̀ rìnrìn àjò lọ sí Pakistan láti lọ bá àwọn ọmọ ibẹ̀ ṣeré, wọ́n sì fi ojú rẹ̀ rí nǹkan. Inú àwọn ṣọ́ọ̀bù eré bíi ti Akpakpa yìí ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń ta jeu de dames ilé ọgọ́rùn-ún, ẹ̀yin lè ti gbọ́ nípa Baba Sy, ọmọ Senegal. Ó yẹ kó bá Iser Kuperman ti Soviet ta fún oyè àgbáyé ní 1963. Ìdíje náà ò wáyé. Baba Sy kú ní 1978. Ọdún 1986 ni ẹgbẹ́ àgbáyé ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde pé òun ni ọ̀gá àgbáyé fún 1963. Ó ti wà nínú ilẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ.

Ká padà sí Akpakpa. A bá onísọ́ọ̀bù kan ládùúgbò wa sọ̀rọ̀. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Maître, ṣé ẹ fẹ́ sọ ọ́ di kíláàsì ni?" Ṣùgbọ́n nígbà tí a ṣírò rẹ̀ fún un pé ọmọ tí kò padà wá ò lè san 100 mìíràn, ó dákẹ́. Ó ya télé ẹnu ọ̀nà sọ́tọ̀ fún àwọn ọ̀pẹ. Níbẹ̀, 100 fránkì jẹ́ eré méjì, ì báà borí, ì báà pàdánù. Ẹni tó bá borí lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra gbọ́dọ̀ kọjá sí télé inú lọ́hùn-ún. Bí ọ̀ta bá fẹ́ bá ọ̀pẹ gbá, kò gbọdọ̀ mú ẹgbẹ́ oníràwọ̀ márùn-ún. Oníràwọ̀ méjì tàbí mẹ́ta ni kó mú, kí ọ̀pẹ mú Real Madrid.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dára o. Àwọn ọmọ CM2 inú CI tí a sọ yẹn ti dé síbẹ̀ náà: wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù eré kẹta kí wọ́n má bàa kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Yẹ̀yẹ́ náà ò sì tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí a kọjá níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ mẹ́rin ló ń dúró de télé ẹnu ọ̀nà yẹn, tí wọ́n ń bú ara wọn bí ẹgbẹ́. Ìyẹn ò jọ èyí tí ọmọ ẹ̀gbọ́n wa rí.

Bí ẹ bá máa rán ọmọ wá nígbà ìsinmi tó ń bọ̀, kí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó máa gbà á lálejò tẹ̀ lé e débẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ohun méjì ni kó béèrè lọ́wọ́ onísọ́ọ̀bù: 100 fránkì, eré mélòó ni? Àti pé, ṣé ẹni tó ti sanwó lè dúró wo àwọn tó mọ̀ ọ́n lẹ́yìn tí tirẹ̀ bá tán, àbí wọ́n á lé e síta? Àwọn kan máa ń lé ọmọ síta. Kò yẹ kí ẹ fún ọmọ lówó lọ síbẹ̀.