Ẹ̀rọ Iná tí ń Ran Awakọ̀ Lọ́wọ́

Ẹni tí ó bá dúró ní Lamordé, lápá ọ̀tún odò Ọya nílùú Niamey, yóò rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ tókùnbọ̀. Èbúté Kùtọnu ni púpọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbà wọlé kí ààlà Niger àti Benin tó di títì ní ọdún 2023. Nínú àwọn tí kò tíì pẹ́ púpọ̀, ẹ̀rọ iná ni ó ń ran awakọ̀ lọ́wọ́ láti yí sítíárìn. Ó yẹ kí a mọ ìwà ẹ̀rọ yìí.

Ní ọdún 1951, ilé iṣẹ́ Chrysler ti Amẹ́ríkà gbé ọkọ̀ Imperial jáde, èyí tí pọ́ǹpù òróró ń bá awakọ̀ yí táyà. Ẹ́ńjìnnì ni ó ń yí irú pọ́ǹpù bẹ́ẹ̀, ìbáà jẹ́ pé awakọ̀ ń kọ́nà tàbí kò kọ́nà. Ó sì ń fi epo ṣòfò. Ní ọdún 1988, Suzuki ti Japan fi ẹ̀rọ iná rọ́pò rẹ̀ nínú ọkọ̀ Cervo. Ẹ̀rọ yìí ń wọn agbára ọwọ́ awakọ̀, ó sì ń fi tirẹ̀ kún un. Bí ọ̀nà bá tọ́, iṣẹ́ rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ṣùgbọ́n níbi tí ọkọ̀ ti ń rọra yí, bí ẹnu ọjà, ni ó ti ń fa iná jù lọ. Ní oṣù kẹrin, ooru Niamey a máa ju 40 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí awakọ̀ bá ń yí sítíárìn léraléra lójú kan, ẹ̀rọ náà lè gbóná, yóò sì dín ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ kù kí ó má baà jóná. Ooru náà a sì máa gé ẹ̀mí bátìrì kúrú. Bí bátìrì bá sì rẹ̀, sítíárìn lè wúwo lójijì.

Kí awakọ̀ má ṣe jáyà nígbà náà. Irin ṣì so sítíárìn mọ́ táyà. Agbára apá ni yóò pọ̀ sí i. Kí ó rọra dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Kí ó má sì wá ibi tí yóò da òróró sí, nítorí kò sí níbẹ̀. Bátìrì àti wáyà ni kí mekáníìkì kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹni tí ó sì yọ gílóòbù ìkìlọ̀ kí ó má baà tàn mọ́, ó ti fọ́ ojú ara rẹ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.