Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ẹ̀gà, ẹyẹ tó ń hun ilé

Níbi tí ọ̀pẹ bá ṣẹ́ kù láàárín ilé, láti Òtò dé Èbúté Mẹ́ta ní Èkó, ẹ̀gà lè sọ ibẹ̀ di ìlú. Ẹyẹ kékeré ni, bíi sẹ̀ǹtímítà 17. Ara akọ pọ́n bí ìyeyè, orí rẹ̀ dúdú, ojú rẹ̀ pupa.

Akọ ló ń kọ́lé. Yóò ya imọ̀ ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, yóò hun ún títí ilé yóò fi máa rọ̀ dirodiro, ẹnu ọ̀nà á kọjú sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, á so rọ̀ níbẹ̀, á máa gbọn ìyẹ́, á máa ké pe abo. Bí ilé náà kò bá wu abo, akọ á tú u, á tún òmíràn hun. Iṣẹ́ ńlá!

Àwọ̀ ẹyin abo kan máa ń yàtọ̀ sí ti èkejì. Èyí ló fi ń dá ẹyin àjèjì mọ̀ bí ẹyẹ mìíràn bá yọ́ wá yé sínú ilé rẹ̀.