Iyọ̀ inú Ọbẹ̀ àti Ọpọlọ Ọmọ inú Oyún

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ Faransé kan wà tí àwọn kan máa ń fi bú ọmọ tí ẹ̀kọ́ kò tètè yé: “crétin”. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè sọ pé láti inú “chrétien”, èyíinì ni onígbàgbọ́, ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Láyé àtijọ́, ní àfonífojì àwọn òkè Alpes, a máa ń rí àwọn ènìyàn tí wọ́n kúrú, tí ọpọlọ wọn kò jí pépé, tí òmíràn nínú wọn sì ya odi. Wọ́n pè wọ́n bẹ́ẹ̀ láti fi hàn pé ènìyàn bí tiwa ni wọ́n. Lónìí, orúkọ àánú ti di èébú. Ó yẹ kí a mọ ohun tó ń fa àrùn náà, nítorí pé nínú ìkòkò ọbẹ̀ wa ni a ti lè dènà rẹ̀.

Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan tí a fi mọ ara ènìyàn ni jíìnì wà, nǹkan bí 20,000. Wọ́n dà bí ìwé àṣẹ tí ọmọ gbà lọ́wọ́ bàbá àti ìyá rẹ̀. Ìwé kan náà ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì awọ àti nínú ti ọpọlọ. Kí ló dé tí awọ kò fi di ọpọlọ? Ẹ wo ìwé Mísà: àlùfáà, òǹkàwé àti akọrin lè mú ìwé kan náà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ń ṣí ojú ewé tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni sẹ́ẹ̀lì ń ṣí jíìnì kan, tí ó sì ń pa òmíràn dé. Ní 1961, François Jacob àti Jacques Monod ti Institut Pasteur ní Párísì ṣàlàyé bí èyí ṣe ń rí nínú kòkòrò tí ojú kò lè rí. Àwọn àti André Lwoff ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1965.

Ta ni ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ pé àkókò tó láti ṣí ojú ewé kan? Àwọn ìránṣẹ́ náà pọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń ti ọrùn wá, láti inú ẹ̀yà ara kan tó rí bí labalábá, tí à ń pè ní tiroídì. Oje rẹ̀ ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ títí dé inú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Níbẹ̀ ni ó ti ń bá olùṣọ́ kan tó jókòó ti jíìnì; ní 1986 ni a dá olùṣọ́ náà mọ̀. Bí oje bá dé, olùṣọ́ a ṣí ohun tó ti tì. Nígbà náà ni sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ń lọ sí ipò rẹ̀, tí ó ń yọ ẹ̀ka bí igi, tí ọ̀rá sì ń bo okùn rẹ̀ kí iṣẹ́ tó ń jẹ́ lè tètè dé.

Ṣùgbọ́n tiroídì kò lè ṣe oje yìí láìsí íódì. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ti ìyá nìkan ni ọmọ gbẹ́kẹ̀ lé. Bí íódì bá wọ́n gidigidi lára ìyá, ojú ewé tó yẹ kí ó ṣí yóò wà ní pípadé. Àsìkò náà kì í padà wá, oògùn ẹ̀yìn ìgbà kò sì lè tún gbogbo rẹ̀ ṣe.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, íódì tí ènìyàn nílò ní gbogbo ayé rẹ̀ kò kún ṣíbí kékeré kan. Ní Switzerland, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi í sínú iyọ̀ ní 1922, àrùn náà sì lọ sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, ẹ ra iyọ̀ tí a kọ “sel iodé” sí lára. Ẹ má ṣe rò pé iyọ̀ tó ti òkun wá ní íódì tó. Èyí tí àwọn obìnrin ń sè ní Djègbadji lẹ́bàá Ouidah kò tó, àfi bí a bá fi íódì kún un. Ẹ fi iyọ̀ sínú ohun tó ní ìdérí, kúrò lójú oòrùn. Ẹ fi í sọ́bẹ̀ nígbà tó bá kù díẹ̀ kí ẹ sọ̀ ọ́. A kò ní kí ẹ jẹ iyọ̀ jù ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹ kàn pààrọ̀ rẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí gàrí kan dáadáa pẹ̀lú, nítorí oró inú gbáàgúdá tí a kò ṣe dáadáa ń dí íódì lọ́nà.

Ọmọ tí àrùn yìí ti bá ńkọ́? Àjẹ́ kò mọ̀ nípa rẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ìyá rẹ̀. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn, ẹ kọ́ ọ ní ohun tí agbára rẹ̀ ká, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í ṣẹ̀sín. Ènìyàn bí tiwa ni.