Fireblade àtijọ́: Ìdí tí alùpùpù tó ti sáré jìnnà fi lè sàn ju èyí tó sùn ní gáréèjì lọ

Ká ní alùpùpù Honda Fireblade méjì dúró níwájú yín, tí ọdún tí wọ́n ṣe wọ́n kò yàtọ̀. Èkíní ti rin kìlómítà 70,000, ike ara rẹ̀ ti họ níhìn-ín lọ́hùn-ún, ẹni tó ni ín sì gbé ìdì rìsíìtì kan jáde tó nípọn bí ìwé orin. Èkejì kò tíì rìn ju kìlómítà 14,000 lọ. Ó ń dán gbinrin, ọdún mẹ́jọ ló sì ti fi wà lábẹ́ aṣọ. Iye kan náà ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò sáré gba kọ́kọ́rọ́ èkejì. Mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ èkíní, torí ó mọ̀ pé ìjókòó ń ba irú alùpùpù yìí jẹ́ ju eré lọ.

Ohun tí à ń pè ní páwà báìkì ní Èkó àti Ìbàdàn ni mò ń sọ: alùpùpù eré tí ẹni tó gùn ún máa ń dojú bolẹ̀ lórí táǹkì epo bí ẹni tó ń gun ẹṣin ìje. Èyí tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ogún sí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn rọjú ju tuntun lọ dáadáa, eré rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ dín kù. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Owó tí ènìyàn fi rà á lè jẹ́ ti òkú ọjà, àmọ́ owó ìtọ́jú rẹ̀ ṣì jẹ́ ti ọba.

Kí ọdún 1992 tó dé, alùpùpù eré ńlá wúwo. Yamaha FZR1000, tó jẹ́ ọ̀kan lára ọ̀gá wọn nígbà náà, wọ̀n tó kílò 209 láìtíì da epo sí i. Ní ilé-iṣẹ́ Honda, Tadao Baba ló darí àwọn tó yí èyí padà. (Bẹ́ẹ̀ ni, Baba ni orúkọ ìdílé rẹ̀ ní ilẹ̀ Japan, àwa Yorùbá nìkan ló máa pa lẹ́rìn-ín pé òun náà ni baba Fireblade.) Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni nígbà tó wọ Honda ní 1962. Lójú tirẹ̀, kò sí ìdí láti máa fi agbára kún ẹ́ńjìnnì tí ara tó gbé e bá wúwo bí àpò sìmẹ́ńtì. CBR900RR Fireblade tó jáde ní 1992 ní ẹ́ńjìnnì 893cc àti agbára ẹṣin bíi 120, kílò 185 péré ló sì wọ̀n.

Àwọn yòókù kò sùn. Ducati ti ilẹ̀ Ítálì gbé 916 jáde ní 1994, Massimo Tamburini ló ya àwòrán rẹ̀. Yamaha fèsì ní 1998 pẹ̀lú R1: 998cc, agbára ẹṣin 150, kílò 177. Ọdún kejì ni Hayabusa ti Suzuki kọjá kìlómítà 300 ní wákàtí kan, ni àwọn ilé-iṣẹ́ náà bá fohùn ṣọ̀kan láti máa dúró sí 299.

Kò sí kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ gbogbo eré yìí. Ó di 2009 kí Honda tó fi bíréèkì ABS sí Fireblade, fún ẹni tó bá fẹ́ sanwó lé e. Ẹni tó bá tẹ bíréèkì ti 1992 jù lórí títì tí òjò ti rin, táyà iwájú yóò dì, alùpùpù yóò sì dùbúlẹ̀ kí ẹni náà tó la ẹnu.

Kí ni ìjókòó ń ṣe sí i?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi epo. Kabúrétọ̀ mẹ́rin ni Fireblade ní, ọ̀kan fún pístìnì kọ̀ọ̀kan, títí di ọdún 2000 tí ẹ̀yà 929cc mú ẹ̀rọ tó ń fín epo wọlé dé. Ihò tí epo ń gbà nínú kabúrétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń rọra ṣiṣẹ́ kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Bí epo bá dúró síbẹ̀ fún oṣù mélòó kan, apá tó fúyẹ́ nínú rẹ̀ yóò fẹ́ lọ, yóò wá ku ohun kan tó ń lẹ̀ bí oje igi, òun náà ló ń dí ihò. Ẹ ó wá rí alùpùpù tó ń jí ṣùgbọ́n tó ń kú bí ẹ bá ti yọwọ́ kúrò lórí rẹ̀, tàbí tí pístìnì mẹ́ta ń ṣiṣẹ́ tí ìkẹrin ń wò wọ́n. Oògùn inú ìgò tí wọ́n ń dà sínú táǹkì kì í sábà wò ó sàn. Ńṣe ni wọ́n á tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, wọ́n á fọ̀ wọ́n, wọ́n á tún wọn tò, wọ́n á sì yí wọn títí gbogbo wọn yóò fi máa mí bákan náà. Iṣẹ́ ọjọ́ gbọọrọ ni.

Ní Ìlú Ọba, ọ̀rọ̀ yìí tún le sí i ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, nígbà tí epo E10, tí ọtí ethanol inú rẹ̀ lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, di epo gbogboogbò ní ilé epo. Ethanol ń fa omi mọ́ra, kò sì bá rọ́bà àtijọ́ ṣe. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ẹni tó ní alùpùpù oníkabúrétọ̀ ló ń sanwó lé e láti ra E5.

Omi bíréèkì náà ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Yálà alùpùpù rìn tàbí kò rìn, ọdún méjì-méjì ló yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Tó bá ti gbó, bí bíréèkì bá gbóná, ọ̀rinrin inú rẹ̀ yóò hó, ọwọ́ bíréèkì yóò wá rọ̀ bẹ̀tẹ̀ lábẹ́ ìka. Rọ́bà tó di ọ́ìlì mú nínú ṣọ́ọ̀kì iwájú yóò gbẹ, yóò sán. Táǹkì yóò dípẹtà láti inú, níbi tí ojú kò tó. Bátìrì ò tiẹ̀ ṣe é sọ.

Táyà ló ń tan ènìyàn jẹ jù, torí èyí tí kò rìn máa ń dà bí tuntun. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Bí ẹ bá bá nọ́ńbà mẹ́ta péré níbẹ̀, a jẹ́ pé kò tíì di ọdún 2000 nígbà tí wọ́n ṣe táyà náà, kí ẹ má ṣe gùn ún dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn Fireblade ti ìbẹ̀rẹ̀ tún ní ti wọn lọ́tọ̀: íńṣì 16 ni táyà iwájú wọn, nígbà tí alùpùpù eré yòókù ti gba 17 lọ, torí náà irú táyà tí ẹ ó rí yàn kò pọ̀.

Ẹ fọwọ́ kàn án kó tó gbóná

Ẹ sọ fún olùtajà pé kó má tan án kí ẹ tó dé. Bí ẹ bá dé, kí ẹ tó kí ara yín tán, ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Bó bá ti gbóná, ẹ béèrè ìdí. Ẹ́ńjìnnì tó bá ń ṣagídí láàárọ̀ ni wọ́n sábà máa ń jí sílẹ̀ de oníbàárà.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ó tan án. Èéfín aláwọ̀ búlúù fi hàn pé ó ń jó ọ́ìlì. Funfun tí kò lọ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná lè jẹ́ omi rédíétọ̀ tó ń wọ ibi tí kò yẹ. Bí ẹ bá gbọ́ ariwo ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irin kékeré tó ń mú ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì le ló ti rẹ̀. Ẹni tó bá mọ Fireblade mọ ariwo yẹn. Kò wọ́n láti pààrọ̀, ẹni tó bá fi í sílẹ̀ títí ni yóò wá ra ẹ́ńjìnnì.

Ẹ fi ìka gba ara ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì iwájú. Bí ìpẹtà bá ti gbẹ́ ihò sí i, rọ́bà tuntun tí ẹ bá fi sí i yóò ya láìpẹ́. Ẹ gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, kí ẹ rọra yí ọwọ́ ìdarí láti òsì sí ọ̀tún. Bó bá ń há díẹ̀ ní àárín gbùngbùn, bíárìnì rẹ̀ ti kú. Ẹ fa ṣéènì kúrò lára irin eléyín ẹ̀yìn. Bí ẹ bá rí ìdajì eyín láàrin wọn, ṣéènì àti irin eléyín méjèèjì jọ ń lọ ni.

Ní ti ìṣubú, ẹ gbà pé ó ti ṣubú rí, kí olùtajà máa bá yín jiyàn. Ike ara kò lè sọ òtítọ́, torí ike àfarawé kún ọjà. Ẹ wo orí bíréèkì ọwọ́, ẹ wo ìparí irin ìtẹ̀sẹ̀, ẹ wo ìdérí ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn náà, ẹ yí ọwọ́ ìdarí dé òpin, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ibi tó ti ń kan férémù. Kókó kékeré kan wà níbẹ̀ lọ́tùn-ún lósì tó ń dá a dúró. Bó bá ti tẹ̀ tàbí tó ti fọ́, alùpùpù yẹn ti fi iwájú gbá nǹkan tí kò yẹ̀ fún un. Èmi ò ní bá wọn ná an mọ́ látibẹ̀.

Ẹni tó bá ń rà ní Ìlú Ọba ní ẹlẹ́rìí kan tí kì í gbowó: àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní MOT. Nọ́ńbà pléètì alùpùpù náà nìkan ni ẹ nílò láti rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba, lọ́fẹ̀ẹ́. Ìye tí ó ti rìn wà níbẹ̀ lọ́dọọdún, àti ohun tí wọ́n fi já a. Bí ọdún mẹ́jọ bá fò kọjá láìsí àyẹ̀wò kankan, ẹ ti mọ bó ṣe pẹ́ tó tó ti ń sùn. Ẹ tún fi nọ́ńbà tí wọ́n lù sára férémù wé èyí tó wà nínú V5C, ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, kí ẹ má bàa fi owó yín ra ẹrù ẹlẹ́rù.

Bí ọ̀kan nínú wọn bá wá di tòkunbọ̀ ní Èkó, ìwé yìí ló sábà máa ń sọnù sójú ọ̀nà. Ẹ béèrè nọ́ńbà tó lò lọ́hùn-ún lọ́wọ́ ẹni tó kó o wọlé. Bó bá fún yín, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ìtàn MOT rẹ̀ láti orí fóònù yín ní Ìkẹjà. Bó bá ní òun ò mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí ìyẹn hàn nínú iye tí ẹ máa san.

Àìsàn tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n

Àrùn iná ló ń ṣe Honda ìgbà náà. Rectifier, ẹ̀rọ kékeré tó ń yí iná ẹ́ńjìnnì padà kí bátìrì lè gbà á, máa ń gbóná títí yóò fi jó. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn iná bátìrì ló ń tú u fó. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí tó 5,000 ní ìṣẹ́jú kan, ó yẹ kí ẹ rí nǹkan bíi fóltì 13.5 sí 14.5. Tó bá lọ sí 12, bátìrì kò rí jẹ. Tó bá lé ní 15, ó ń jẹ àjẹkì. R1 ti ìbẹ̀rẹ̀ ní tirẹ̀: jíà kejì rẹ̀ máa ń fò jáde bí ẹ bá fún un lépo gidi, ìdérí tó ń ṣí tó ń padé nínú ẹ̀gúsọ́ọ̀sì rẹ̀ sì máa ń há tí wọn kò bá máa fọ̀ ọ́. Jíà yẹn ni kí ẹ sá fún, torí wọ́n á tú gbogbo ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó dé ìdí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì kò gùn ṣùgbọ́n ó gba àfiyèsí. Kọ́lọ́ọ̀ṣì alùpùpù wọ̀nyí wà nínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ́ìlì mọ́tò òde òní ní oògùn tó ń mú kí irin máa yọ̀, bí kọ́lọ́ọ̀ṣì bá sì mu ún, òun náà yóò máa yọ̀: ẹ́ńjìnnì á ké, alùpùpù ò ní lọ. Ẹ wá àmì JASO MA lára agolo. Nínú iṣẹ́ ìtọ́jú yòókù, àlàfo fáàfù ni wọ́n sábà máa ń fò, torí ó gba kí wọ́n tú ohun púpọ̀ sílẹ̀. Ní nǹkan bíi kìlómítà 25,000 ló yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lára Fireblade. Bí rìsíìtì rẹ̀ kò bá sí, ẹ gbà pé wọn kò ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sọ́dọ̀ èyí tó ń dán gbinrin lábẹ́ aṣọ. Ó nílò táyà méjì, bátìrì, fífọ kabúrétọ̀ mẹ́rin, rọ́bà bíréèkì iwájú àti ẹ̀yìn, rọ́bà ṣọ́ọ̀kì, rọ́bà tí omi rédíétọ̀ ń gbà, ọ́ìlì àti omi gbogbo, ó sì lè gba táǹkì tuntun. Bí olówó rẹ̀ bá gbà láti yọ iye gbogbo èyí kúrò nínú ohun tó ń pè, èmi náà yóò rà á.