Ta Ni Yóò San Owó Igbó Ẹ̀gbà?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ní agbègbè Grand-Popo, ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí odò Mono ti ń wọ òkun, igi ẹ̀gbà a máa na gbòǹgbò sínú omi oníyọ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni ẹja ń yé sí; òun náà ni àwọn obìnrin tí ń se iyọ̀ ń gé dáná. Bí igi ti ń tán, bẹ́ẹ̀ ni ẹja ń dínkù.

Bí àwọn onímọ̀ bá bi ará etí òkun pé, “Èló ni ẹ lè dá kí igbó yìí lè padà?” tálákà lè dákẹ́. Àìlówó lọ́wọ́ kì í ṣe àìfẹ́. Ẹ wo bí àwọn ìlú kan níbẹ̀ ti fi igbó wọn sábẹ́ ààbò Zangbeto, awo Ẹ̀gùn tí ń ṣọ́ ìlú lóru. Ibi tí a bá yà sọ́tọ̀ fún un, àáké kò gbọdọ̀ débẹ̀.

Igi tí a kò gé, iyọ̀ tí a kò sè, ọjọ́ tí a fi gbin ẹ̀gbà tuntun: owó ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ìyá oníyọ̀ nìkan san án. Ẹni tí ń jẹ ẹja, kí òun náà dá tirẹ̀.