Jẹjẹrẹ láti ara eruku asbestos: Ìrètí wo ló wà fún ẹni tó bá ní in?

Ní Ilé-Ogbó, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ayédire ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, bí i ti gbogbo agbègbè Ìwó, ọ̀pọ̀ ló lọ ṣiṣẹ́ l'Ékòó nígbà èwe, tí wọ́n padà wálé lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì. Bí irú àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ bá ń wúkọ́, tí àyà ń dùn ún, tí kò lè mí dáadáa, ó yá ènìyàn lára láti pè é ní ikọ́ ife tàbí ara àgbà. Àmọ́ ó lè jẹ́ eruku asbestos tó fà símú ní ogójì ọdún sẹ́yìn.

Báwo ni eruku náà ṣe ń ṣọṣẹ́?

Òkúta ni asbestos, ó ní fọ́nrán tín-ín-rín, iná kì í jó o. Wọ́n ń pò ó mọ́ sìmẹ́ńtì láti fi ṣe páànù òrùlé àti àjà ilé. Ilé iṣẹ́ Nigerite ní Ìkẹjà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1959, ṣe irú rẹ̀ kó tó yọ asbestos kúrò nínú ọjà rẹ̀.

Bí káfíńtà bá fi ayùn gé e, fọ́nrán tí ojú kò rí ń gba imú wọ ẹ̀dọ̀fóró, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kì í sì í jáde mọ́. Ìyàwó tó ń gbọn aṣọ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ kó tó fọ̀ ọ́ ń fà á símú bákan náà. Lẹ́yìn 20 sí 50 ọdún, ó lè di jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, tàbí mesothelioma, ìyẹn jẹjẹrẹ awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró tàbí awọ inú ikùn. Ní 1960, dókítà J. C. Wagner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nípa aláìsàn mesothelioma 33 ní South Africa. Àwọn kan nínú wọn kò ṣiṣẹ́ ní ibi ìwakùsà asbestos rí. Ìtòsí rẹ̀ ni wọ́n kàn gbé.

Kí ni ìrètí aláìsàn?

Mesothelioma le. Nínú ènìyàn 10, bí ẹnì kan ló ń lo ọdún 5 lẹ́yìn tí wọ́n bá rí i lára rẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 2021 fi hàn pé ìdajì àwọn tó gba nivolumab àti ipilimumab, oògùn tó ń ta agbára ìdáàbòbò ara jí, lò ju oṣù 18 lọ. Oṣù 14 ni ti àwọn tó gba oògùn kímò (chemotherapy).

Síbẹ̀, nọ́ńbà yìí kì í ṣe ọjọ́ ikú ẹnikẹ́ni. Ní 1982, wọ́n sọ fún Stephen Jay Gould, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà, pé ó ní mesothelioma inú ikùn. Ìwé ìṣègùn ìgbà náà ní ìdajì àwọn tó ní in kì í lò ju oṣù 8 lọ. Gould rò ó pé ìdajì yòókù ń kọjá oṣù 8, àwọn mìíràn sì ń kọjá rẹ̀ jìnnà. Ó gba ìtọ́jú, ó sì lo 20 ọdún sí i. Jẹjẹrẹ mìíràn ló pa á ní 2002.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló máa rí ti Gould. Ọjọ́ orí, okun ara, irú jẹjẹrẹ náà àti bó ṣe tètè hàn ló ń pinnu. Fún ìdí èyí, ẹ sọ gbogbo iṣẹ́ tí aláìsàn ti ṣe rí fún dókítà. Bí ìwòsàn kò bá sí, ìtọ́jú ṣì wà: wọ́n lè fa omi inú àyà kí èémí lè já gaara, wọ́n sì lè fún un ní oògùn ìrora. Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ní ẹ̀ka tó ń ṣe irú ìtọ́jú yìí.

Àwọn ilé àtijọ́ ńkọ́?

Britain fòfin de asbestos ní 1999, South Africa ní 2008, àmọ́ àjà àtijọ́ ṣì wà lórí wa. Bí kò bá fọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Bó bá di dandan kí ẹ tú u, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ bo imú, ẹ má gbá a ní gbígbẹ, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé wà nítòsí. Ọmọ iṣẹ́ káfíńtà tó bá fa eruku náà símú lónìí lè má mọ̀ títí di 2060.